Àpò mélòó ni pick-up yín lè gbé?

Lọ́dún tó kọjá, èmi tí mò ń gba yín nímọ̀ràn yìí di àpò àgbàdo 14 sẹ́yìn pick-up mi. Kílò 100 ni àpò kan. Ìwé ọkọ̀ sọ pé tọ́ọ̀nù kan ló lè gbé, àwa mẹ́ta tí a jókòó síwájú sì wà nínú tọ́ọ̀nù yẹn. Bí a ṣe gbéra, iwájú ọkọ̀ ti fúyẹ́, sítíárìn ò gbọ́ tèmi dáadáa. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ òkè, mo tẹ bíréèkì títí, ọkọ̀ ṣì ń lọ. Inú igbó la bá ara wa.

Mẹkáníìkì ní kí n fi sípíríǹgì kún un. Sípíríǹgì á gbé ìdí ọkọ̀ sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n bíréèkì àti táyà ò yí padà. Tí ẹ bá sì so kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́ ọn, ìwọ̀n tó ń tẹ ìdí ọkọ̀ wà nínú tọ́ọ̀nù kan náà.

Àpò 7 ni mò ń dì báyìí, mo sì ń lọ lẹ́ẹ̀mejì. Owó epo ń dùn mí o.