Okùn Rọ́bà Kan Ní Ọmọlé

Bí ẹ bá ń ti Ìbàdàn bọ̀ lórí òpópónà márosẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1978, Berger ni ẹnu ọ̀nà Èkó. Orúkọ ilé-iṣẹ́ Julius Berger ni wọ́n fi ń pe ibẹ̀. Ẹ ó yà sí Òjódù, ẹ ó gba ọ̀nà Ògúnnúsì kọjá Grammar School títí dé Ọmọlé. Nínú ẹ́sítéètì, ilé ńláńlá ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn géètì, àwọn mẹkáníìkì, rìwáyà àti fọkanáísà ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn lẹ́bàá títì. Bí ẹ bá tún tẹ̀ síwájú, ẹ ó dé Agídíngbí níbi tí ilé-iṣẹ́ Cadbury wà.

Ọ̀nà yìí ni èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta ń gbà lọ ní ọ̀sán Sátidé kan. Ọkọ̀ wa já sí kòtò, gbàgà! Lójú ẹsẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì kú, òórùn rọ́bà tó ń jó sì gba inú ọkọ̀. Ìyàwó mi pariwo pé, "Dádì, èéfín!" Mo ní kí gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀ kíá, mo sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Kí ni mo rí? Bátìrì ti yẹ̀ kúrò láàyè rẹ̀. Irin tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ti sọnù tipẹ́, èmi fúnra mi ni mo fi wáyà dè é, tí mo ní, "Ó ti tó bẹ́ẹ̀." Wáyà yẹn gan-an ló kan orí pọ́sítíìfù àti ara ọkọ̀ pọ̀, tí iná fi ṣẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé iná síwájú àwọn ọmọ mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin fọkanáísà kan sáré wá. Ó mi orí, ó ní, "Bàbá, ẹ má fi irin de bátìrì mọ́. Rọ́bà ni kí ẹ lò." Ó mú sípánà, ó kọ́kọ́ tú orí nẹ́gátíìfù, nítorí bí sípánà bá kan pọ́sítíìfù àti ara ọkọ̀ pọ̀ nígbà tí nẹ́gátíìfù ṣì wà níbẹ̀, iná yóò tún ṣẹ́. Ó yọ wáyà mi dànù, ó sì yẹ bátìrì wò bóyá ó ti sán. Ó fi pákó pẹlẹbẹ há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ó gé túùbù táyà àlòkù gbọọrọ, ó nà án kọjá lórí rẹ̀ láìdí ihò tó fi ń mí, ó sì so ó mọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ó fi rọ́bà mìíràn bo orí pọ́sítíìfù. Nẹ́gátíìfù ló dá padà kẹ́yìn. Mo fi ọwọ́ tì í, kò mì.

Gaston Planté, ará Faransé, ló kọ́kọ́ ṣe irú bátìrì yìí ní 1859: pẹlẹbẹ òjé nínú omi ásíìdì. Bí ó bá ń mì, òjé á máa ré bọ́ sísàlẹ̀, bátìrì á sì kú láìtọ́jọ́. Ara rẹ̀ lè sán, kí ásíìdì jò. Afẹ́fẹ́ tó ń ti inú rẹ̀ jáde lè gbiná. Nítorí náà, ẹ má ṣe tan ìṣáná wò ó.

Nígbà tí mo fẹ́ sanwó, ọmọ náà ní, "Bàbá, kó gbé yín délé ni o." Òótọ́ ni. Ooru ẹ́ńjìnnì àti ásíìdì yóò jẹ rọ́bà náà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lọ bá wẹ́dà, ó ṣe irin ìdè tuntun pẹ̀lú bóòtì gígùn méjì, a sì tẹ́ rọ́bà sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó kó ìdílé yín rìnrìn àjò, ẹ fi ọwọ́ ti bátìrì yín wò. Bí ó bá mì, ẹ tún un ṣe. Ohun tó gbé wa délé lónìí kọ́ ni ká fi ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé lọ́dún tó ń bọ̀. A kò ní fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Àmín.