Àlùmọ́gàjí Ayàwòrán

Ẹni tí ó bá dé Gbági ní Ìbàdàn, ìbáà ṣe Gbági àtijọ́ tí àwọn ilé ìṣòwò òyìnbó tẹ̀dó sí lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé ìlú ní 1901, ìbáà ṣe Gbági tuntun tí ó wà ní ọ̀nà Ifẹ̀, yóò rí iṣẹ́ méjì tí àlùmọ́gàjí ń ṣe. Aláṣọ olóòótọ́ a na aṣọ sílẹ̀, a wọ̀n ọ́n, a sì gé iye yáàdì tí oníbàárà fẹ́. Ẹni tí kì í ṣe olóòótọ́ a ká ibi tí kòkòrò ti jẹ sínú, etí tí ó dára nìkan ni yóò gé fún ọ wò. Irin kan náà ni. Ọwọ́ tí ó mú un ni ó yàtọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, irú àlùmọ́gàjí bẹ́ẹ̀ ti dé ọwọ́ yín. Nígbà tí ilé amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá ọdún 1959, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn díẹ̀ tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà ni ó lè ya àwòrán tí ń rìn. Lónìí, fóònù kan ti tó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń to àwòrán ní agbára ńlá. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, Lev Kuleshov, ará Rọ́ṣíà, fi ojú ọkùnrin kan hàn, ojú tí kò rẹ́rìn-ín tí kò sì sunkún. Nígbà tí ó to àwo ọbẹ̀ tẹ̀lé e, àwọn òǹwòran ní ebi ń pa ọkùnrin náà. Nígbà tí ó to pósí tẹ̀lé e, wọ́n ní ó ń ṣọ̀fọ̀. Ojú kan náà ni!

Ní ìsinmi kan, àwa ọ̀rẹ́ márùn-ún, tí púpọ̀ nínú wa jẹ́ ọmọ aláṣọ Gbági, wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láti wo omi Olúmirin, tí ń já láti orí àpáta ní ìpele méje. Ní ilẹ̀ òyìnbó, àwọn ọ̀rẹ́ a máa de pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀, wọn a yọ̀ lórí yìnyín láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀, wọn a sì ya ara wọn sí fídíò. Àwa kò ní yìnyín, ṣùgbọ́n a ní àpáta àti omi, fóònù sì wà lọ́wọ́ mi.

Ní ìpele kẹta, ẹ̀rù ba ọ̀kan nínú wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó di gbòǹgbò igi mú, ó sì bú sẹ́kún. Èyí tí ó ti ń sọ̀rọ̀ òkè láti ìgbà tí a ti kúrò nílé wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó sì padà lọ jókòó tì í. Òun ni ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀. Àwa mẹ́ta yòókù gun òkè dé orí. Gbogbo rẹ̀ ni mo yà.

Nígbà tí a padà dé, a jókòó láàrín ìdì àǹkárá nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá ọ̀kan nínú wa láti to fídíò náà. Ọ̀kan ní kí a fi ẹkún náà síbẹ̀, kí a fi orin ẹ̀fẹ̀ tì í, kí ayé lè rẹ́rìn-ín. Èkejì ní kí a gé gbogbo rẹ̀ dànù, kí ó dà bí ẹni pé àwa márààrún ni a dé orí òkè. Ọ̀kan fẹ́ fi òótọ́ ṣe ẹlẹ́yà, èkejì fẹ́ fi irọ́ bo àṣírí. Bí a bá gba ti àkọ́kọ́, ọ̀rẹ́ wa yóò di ẹni ìtìjú, fídíò tí ó bá sì ti tàn kálẹ̀ dà bí ẹyin tí ó fọ́, kò ṣe é kó jọ. Bí a bá gba ti èkejì, oore tí a ṣe lórí àpáta náà yóò parẹ́.

Mo ní kí a dúró, kí ẹni tí ó ni ojú sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kejì mo fi í han òun nìkan. Ó wò ó tán, ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó ní: “Yọ ibi tí mo ti ń sunkún. Ṣùgbọ́n má yọ ibi tí ó ti padà sọ́dọ̀ mi. Bí o bá yọ ibẹ̀, báwo ni a óò ṣe mọ̀ pé mo ní ọ̀rẹ́?”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe. Nínú fídíò náà, mo fi ohùn ara mi sọ ọ́ pé ẹni mẹ́ta ni ó dé òkè. Ẹni tí ó bá wò ó yóò rí ẹni méjì lẹ́bàá omi, tí èkíní di ọwọ́ èkejì mú.

Àwọn àgbà ní kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí tí ẹnu bá sọ kò gbọdọ̀ jẹ́ irọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó gé àwòrán kan, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì: ṣé ẹni tí mo yà kò ní tijú nítorí mi? Ṣé ẹni tí yóò wò ó kò ní di ẹni ẹ̀tàn? Bí ìdáhùn méjèèjì bá dára, ẹ gé e láìfòyà.