Ògbufọ̀ Inú Ẹ̀rọ

Kò sí ọmọ Ẹ̀gbá tí kò mọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa tí ó ní, "Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n." Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí fi sọ́kàn bí ẹ ti ń ka àlàyé mi. Àwọn ọmọ ilé kéwú mi àti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Ìtòkú mọ̀ pé mo fẹ́ràn orin àtijọ́, wọ́n sì máa ń bi mí léèrè pé: irú ẹ̀rọ wo ni ènìyàn lè rà tí orin yóò fi dùn ún gbọ́ nínú ilé, tí owó oúnjẹ kò sì ní bá a lọ?

Orin tí mo ń wí ni sákárà Yusuf Ọlátúnjí, Baba Lẹ́gbàá, tí ó jáde láyé ní ọdún 1978, àti àpàlà Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ Ìtòkò, tí ó kú ní ọdún 1980. Orí àwo ni a ti ń gbọ́ wọn nígbà náà. Lónìí, inú fóònù ni wọ́n wà. Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kò fẹnu kò lórí ọ̀ràn orin, n kò sì wá dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ẹni tí ó jẹ́ pé Kùránì àti wáàsí nìkan ni ó ń gbọ́, ohun kan náà ni yóò bá pàdé. Ohun tí ó dùn mí ni pé òwe àti ìjìnlẹ̀ Yorùbá ni ó kún ẹnu àwọn bàbá wọ̀nyí. Bí ọmọ bá ń gbọ́ gòjé tí ó ń hó ṣìì, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ketekete, yóò ní ariwo ni orin àwọn bàbá òun. Kò ní bi wá léèrè ìtumọ̀ òwe tí kò gbọ́.

Ẹ̀rọ tí àwọn ọ̀dọ́ ń bi mí nípa rẹ̀ jù lọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní DAC. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí a mọ̀ ṣàpèjúwe rẹ̀. Níbi tàfúsírì nígbà ààwẹ̀, ajánásì a ka ẹsẹ Kùránì ní èdè Lárúbáwá, onítàfúsírì a sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwùjọ. Ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ ni DAC. Orin inú fóònù kì í ṣe ohùn, nọ́ńbà ni. Nígbà tí Sony àti Philips gbé àwo CD jáde ní ọdún 1982, ìlànà wọn ni pé kí ẹ̀rọ máa wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ó sì kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n sípíkà kò mọ nọ́ńbà kà. Agbára iná tí ń lọ sókè sódò ni ó ń mú un gbọ̀n tí a fi ń gbọ́ ohùn. DAC ni ó ń sọ nọ́ńbà di agbára iná náà. Ògbufọ̀ rere kì í fi kún ọ̀rọ̀, kì í sì í yọ níbẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tí ó yẹ kí a bèèrè lọ́wọ́ DAC.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ mọ̀ pé ògbufọ̀ yìí ti wà nínú ilé yín. Kò sí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí ń kọrin tí kò ní in nínú. Bí fóònù yín bá ní ihò íápíìsì, ẹ fi waya so ó mọ́ áńpìlìfáyà kí ẹ sì gbọ́ ọ. Bí ohùn bá mọ́ gaara, ẹ fi owó yín sápò. Bí ó bá sì jẹ́ Bluetooth ni ẹ fi ń so fóònù mọ́ sípíkà, DAC tí ẹ bá kì bọ fóònù kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe, nítorí inú sípíkà ni ìtumọ̀ ti ń wáyé.

Nígbà wo wá ni ó tọ́ kí a ra ti ọ̀tọ̀? Èkíní ni bí fóònù kò bá ní ihò íápíìsì. Apple yọ ọ́ kúrò lára iPhone 7 ní ọdún 2016, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì tẹ̀ lé e. Èkejì ni bí kọ̀ǹpútà bá ń hó lábẹ́ orin. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá DAC lẹ́bi, ẹ yọ ṣájà kúrò lára kọ̀ǹpútà náà. Bí ariwo bá dákẹ́, ọ̀dọ̀ iná ni ó ti ń wá, ó sì lè jẹ́ pé DAC tuntun kò ní wò ó sàn.

Bí ó bá di dandan kí ẹ rà, kékeré ti tó. Èyí tí Apple ṣe fún ihò USB-C kò ju ìka ọwọ́ lọ, dọ́là 9 ni wọ́n sì ń tà á ní Amẹ́ríkà. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ a máa kéré lára ọ̀pọ̀ fóònù Android. Ẹ ó rí oríṣiríṣi tí ó jọ ọ́ ní Computer Village ní Ìkẹjà. Ẹ ṣọ́ra o, òmíràn nínú wọn kò ní DAC nínú rárá, waya lásán ni. Ẹ mú fóònù yín dání, kí ẹ sì dán an wò kí ẹ tó sanwó.

Olùtajà lè fi nọ́ńbà ńláńlá dá yín lọ́rùn, bíi 96,000 tàbí 192,000. Ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín. Ohùn tí ó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni òpin ohun tí etí ọmọdé lè gbọ́, tiwa àgbàlagbà kò sì tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí wíwọ̀n bá ti ju ìlọ́po méjì iye yìí lọ, ó ti kó gbogbo ohun tí etí ń fẹ́. 44,100 sì jù ú lọ.

Nínú ilé mi, a yá DAC olówó ńlá kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, a sì fi olówó pọ́ọ́kú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo kẹ̀yìn sí ẹ̀rọ bí mo ti máa ń ṣe nígbà tí mo bá ń dán ọmọ kéwú wò, ọmọ mi sì ń pààrọ̀ wọn. Mo ní kó jẹ́ kí ìró méjèèjì dọ́gba, nítorí èyí tí ó bá lọ sókè díẹ̀ ni etí máa ń pè ní dáadáa. A gbọ́ gòjé Yusuf Ọlátúnjí. A tún gbọ́ kíké Sheikh Mahmoud Khalil al-Husary ará Íjíbítì, pé bóyá lẹ́tà sīn, thā àti ṣād yóò yàtọ̀ sí ara wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni mo dáhùn, márùn-ún ni mo gbà, bí ẹni tí ń ju kọ́bọ̀ sókè. Ṣùgbọ́n nígbà tí a pààrọ̀ sípíkà, ìyàwó mi ké láti ilé ìdáná pé, "Kí lẹ ṣe sí i? Ó mà yàtọ̀ o!"

Nítorí náà, sípíkà ni kí owó yín kọ́kọ́ lọ bá. Ohun kan sì tún wà tí ó ju sípíkà lọ, òun ni orin náà fúnra rẹ̀. Àwa tí a ń gbé Ìtòkú, níbi tí ọjà àdìrẹ wà, mọ̀ pé aró tó dára kò lè sọ aṣọ tó ti gbó di tuntun. Orin tí wọ́n dà láti inú kásẹ́ẹ̀tì sí kásẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n wá ń fi ránṣẹ́ láti orí fóònù kan dé òmíràn, ti gbó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ DAC. Ẹ̀yin òbí, ẹ yẹ àpótí inú yàrá yín wò. Bí àwo bá wà níbẹ̀, ẹ gbé e lọ bá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, kó nù ún mọ́, kó sì gbà á sínú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan tó dára. Kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín, kí ẹ túmọ̀ òwe inú rẹ̀ fún wọn, nítorí ìtumọ̀ yẹn kọjá agbára DAC. Ẹ̀yin ni ògbufọ̀ rẹ̀.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí etí wa máa gbọ́ ire. Àmín.