Bí Mo Ṣe Kọ́ Láti Yẹ Awò Ìràwọ̀ Wò ní Boni

Nọ́ńbà tí ojú yóò kọ́kọ́ bá lára páálí awò náà ni 525. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Saturn àti òrùka rẹ̀, pé awò yìí yóò sọ ohun tí à ń wò di ìlọ́po 525. Ọ̀gá mi kò wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó yí páálí náà nídìí, ó wá ibi tí wọ́n kọ 60 àti 700 sí wínníwínní, ó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́. "Orúkọ awò nìyí," ó ní. "Ìyókù, ìpolówó ọjà ni."

Boni níbí, ní Ṣábẹ, ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, ní ẹ̀yìnkùlé ọkùnrin kan tó kọ́ àwọn ọmọ ní físíìkì títí tó fi fẹ̀yìn tì. Kì í ta awò. Àwọn èèyàn kàn mọ̀ pé bí ẹ̀gbọ́n wọn bá fi awò-awọ̀nàjíjìn ránṣẹ́ láti Faransé, tàbí tí wọ́n bá rí ọ̀kan rà nínú ọjà àlòkù ní Kútọnu, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n gbé e wá, kó lè sọ bóyá awò gidi ni tàbí ohun ìṣeré ọmọdé. Ohun tí mo lọ kọ́ nìyẹn: kí n gbé awò kékeré méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí n sì lè sọ, tìdítìdí, èyí tó yẹ kí èèyàn náwó lé.

Mẹ́ta ló ní tirẹ̀. Onílẹ́ńsì ni gbogbo wọn, kò sí onídíńgí níbẹ̀. Nọ́ńbà ló fi ń pè wọ́n: Ọgọ́ta, Àádọ́rin, Ọgọ́rin. Ọgọ́ta jẹ́ 60/700, Àádọ́rin jẹ́ 70/700, Ọgọ́rin sì jẹ́ 80/400. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ lẹ́ńsì iwájú ní mìlímítà. Èkejì ni bó ti jìnnà tó láti ara lẹ́ńsì náà dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń pàdé. Ọmọ tó bá ti fi lẹ́ńsì dáná sun ewé gbígbẹ nínú oòrùn rí ti mọ ibi ìpàdé yẹn. Lẹ́ńsì kékeré tí à ń fi ojú lé náà ní nọ́ńbà tirẹ̀ lára. Pín ti awò sí ti lẹ́ńsì ojú, wàá mọ iye ìlọ́po tí o ń rí: 700 sí ọ̀nà 20 jẹ́ 35, 700 sí ọ̀nà 4 jẹ́ 175. Àwọn tó ṣe awò inú páálí yẹn wá ki lẹ́ńsì alárànṣe kan bọ̀ ọ́ tó ń sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, 175 lọ́nà mẹ́ta sì ni 525. Ìṣirò wọn pé. Ìmọ́lẹ̀ ni kò tó. Òfin tí Ọ̀gá fún mi ni pé kí n sọ fífẹ̀ lẹ́ńsì iwájú di ìlọ́po méjì, kí n má sì kọjá ibẹ̀: awò 60 kò gbọ́dọ̀ ju 120 lọ. Kọjá ìyẹn, omi lò ń bù kún ọbẹ̀: ìkòkò ń kún, adùn ń lọ. Bẹ́ẹ̀ awò tí kò ju ìlọ́po 20 tàbí díẹ̀ lé lọ ni Galileo fi rí òṣùpá mẹ́rin tó ń yí Jupiter ká ní Oṣù Kìíní ọdún 1610. Nígbà tí wọ́n sì ṣe ọdún ìràwọ̀ lágbàáyé ní 2009, Galileoscope tí wọ́n dìídì ṣe ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kò fẹ̀ ju 50 mìlímítà lọ, ìlọ́po 25 ló sì máa ń fúnni.

Ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tó kọ́ mi kò nílò ìràwọ̀ rárá. Tọ́ọ̀ṣì àti rúlà ló gbà. A ó yí awò títí ohun tó jìnnà réré yóò fi mọ́ kedere nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nínú òkùnkùn, a ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí à ń fi ojú lé, kí ìmọ́lẹ̀ gba inú ọ̀pá awò jáde níwájú. A ó gbé bébà sún mọ́ lẹ́ńsì iwájú, a ó sì wọn òbìrí ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sí i. Bí awò 60 bá jẹ́ 60 lóòótọ́, òbìrí náà yóò sún mọ́ 60. Ṣùgbọ́n mo ti wọn èyí tí tirẹ̀ jẹ́ 40 péré. Òrùka dúdú kan ni wọ́n fi pamọ́ sínú ọ̀pá náà, lẹ́yìn lẹ́ńsì, tó ń dí etí rẹ̀, nítorí etí lẹ́ńsì olówó pọ́ọ́kú kì í dára, àbùkù yóò sì hàn bí wọn kò bá bò ó. Ẹni tó ra irú awò bẹ́ẹ̀ sanwó 60, kò sì rí ìdajì ìmọ́lẹ̀ tó sanwó fún. Èmi ka èyí sí jìbìtì, bó ti wù kí àwọn oníṣòwò ṣàlàyé rẹ̀ tó.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ dé. Lẹ́ńsì kan ṣoṣo kò lè kó àwọ̀ pupa àti àwọ̀ búlúù pàdé lójú kan náà, ìdí nìyí tí ohun tó bá mọ́lẹ̀ gan-an fi máa ń gbé àwọ̀ àjèjì sí etí. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ohun tí wọ́n mọ̀ fi ṣe é ni kí wọ́n fa awò gùn: Hevelius, awòràwọ̀ kan ní ìlú Gdańsk, ṣe ọ̀kan tó gùn tó mítà 46, okùn àti òpó ni wọ́n fi ń gbé e sókè. Ní nǹkan bí 1733 ni Chester Moor Hall, agbẹjọ́rò ará Gẹ̀ẹ́sì, so oríṣi gíláàsì méjì pọ̀ tí ọ̀kan ń tún ohun tí èkejì bàjẹ́ ṣe. Ní 1758, John Dollond gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀, ó sì ń tà á. Lẹ́ńsì alápapọ̀ yẹn náà ló wà nínú awò kékeré òde òní. Ó dín àwọ̀ náà kù ni, kò mú un kúrò tán, èyí tó kù sì ń pọ̀ sí i bí awò bá ṣe kúrú tó.

"Gbé Ọgọ́ta àti Ọgọ́rin síta," Ọ̀gá wí fún mi ní ìrọ̀lẹ́ kan, "kí o dojú àwọn méjèèjì kọ Àgùàlà."

Àgùàlà, tí àwọn àgbà ń pè ní ajá òṣùpá, ń tàn ní ìwọ̀ oòrùn. Nínú Ọgọ́ta, ó dà bí òṣùpá tuntun, ó funfun, etí rẹ̀ mú. Nínú Ọgọ́rin, tí owó rẹ̀ ju ti Ọgọ́ta lọ dáadáa, àwọ̀ elése àlùkò bò ó yí ká, n kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà ibi tí etí rẹ̀ wà.

"Kí lo rí, àbúrò?"

"Ọ̀gá, kékeré yìí ló mọ́ jù."

"Pín nọ́ńbà kejì sí àkọ́kọ́, kí o sọ ìdí rẹ̀ fún mi."

Ti Ọgọ́rin jẹ́ 5, ti Ọgọ́ta lé ní 11. Awò onílẹ́ńsì lásán tí tirẹ̀ bá tó 10, tí kò sì fẹ̀ ju 80 lọ, kì í fi àwọ̀ dààmú ẹni púpọ̀. Ọ̀nà àbáyọ mìíràn wà fún ẹni tó fẹ́ kí awò kúrú kó má sì láwọ̀ àjèjì: lẹ́ńsì oríṣi gíláàsì tí wọ́n ń pè ní ED. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lè ra awò lásán mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí náà n kò ní fi dandan mú ẹnikẹ́ni rà á.

Ẹ má sì tìtorí Àgùàlà dá Ọgọ́rin lẹ́bi pátápátá. Ìmọ́lẹ̀ tó ń kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Ọgọ́ta. Pẹ̀lú lẹ́ńsì ojú 25, ìlọ́po 16 ló ń fúnni, ibi tó ń fi hàn lójú ọ̀run sì fẹ̀ tó òṣùpá mẹ́fà tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìṣù ìràwọ̀ tí àwọn Faransé ń pè ní Pléiades wọ inú rẹ̀ tán, ibi dúdú sì tún ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú Ọgọ́ta, ní ìlọ́po 35, àwọn ìràwọ̀ etí rẹ̀ yọ síta. Kùrukùru ìmọ́lẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ìràwọ̀ mẹ́ta Orion náà dùn ún wò nínú Ọgọ́rin ju nínú àwọn méjì tó kù lọ. Níbi tí òkùnkùn bá ti pọ̀ lóru, bí ẹ̀yìn ìlú wa, awò kúkúrú fífẹ̀ ń ṣe ohun tí kò lè ṣe ní Kútọnu.

Ọ̀rọ̀ tí ìwé àwọn aláwọ̀ funfun kì í sọ tó fún wa ni ti ẹsẹ̀ awò. Ṣábẹ wà ní nǹkan bí dígírì 8 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Òṣùpá, Jupiter àti Saturn kì í gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀run kọjá níbí bí wọ́n ti ń ṣe ní Yúróòpù. Orí wa gan-an ni wọ́n ń gbà, tàbí ìtòsí rẹ̀. Bí a bá wá dojú awò gígùn kọ òkè tààrà, ìdí rẹ̀ yóò lọ gbá ẹsẹ̀ mẹ́ta tó gbé e dúró, ojú wíwò yóò sì bọ́ sí ìsàlẹ̀, ní ọ̀gangan orúnkún. Àwọn awò mìíràn tún máa ń wá pẹ̀lú díńgí ìgbúnwọ́ dígírì 45, tí wọ́n ṣe fún wíwo orí ilẹ̀. Ẹni tó bá fi ìyẹn wo Jupiter láti Boni, ọrùn rẹ̀ yóò sọ fún un lọ́jọ́ kejì. Ti dígírì 90 ni kí ẹ bèèrè. Ẹsẹ̀ aláṣíkiri kan tún wà tí wọ́n ń tẹ̀ sí ìràwọ̀ àríwá, kó lè máa tẹ̀ lé ìràwọ̀ bí ayé ṣe ń yí. Níbí, ìràwọ̀ yẹn kò ga ju dígírì 8 lọ láti ilẹ̀: àwọn òkè àpáta wa lè bò ó, ọyẹ́ lè bò ó, púpọ̀ nínú àwọn ẹsẹ̀ olówó kékeré náà kò sì lè tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kí irin ìdọ́gba wọn má gbá ẹsẹ̀ tó gbé wọn dúró. Ẹsẹ̀ tó ń lọ sókè sódò, sọ́tùn-ún sósì, ló bá ilẹ̀ wa mu. Kó sáà wúwo. Gbá ọ̀pá awò náà díẹ̀, kí o máa wo ìràwọ̀ inú rẹ̀: bí kò bá dẹ́kun gbígbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta, mo máa ń sọ fún olówó rẹ̀ pé kó gé ẹsẹ̀ náà kúrú, kó so òkúta mọ́ ọn láàárín, tàbí kó wá igi gidi fún un.

Ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ ni ìdánwò ìkẹyìn. A ó yan ọ̀kan tó mọ́lẹ̀ níwọ̀nba lókè, a ó mú awò kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀ sí iwájú, lẹ́yìn náà sí ẹ̀yìn. Òrùka ìmọ́lẹ̀ yóò yọ, ọ̀kan nínú èkejì. Bí wọ́n bá ṣe róbótó, tí wọ́n sì jọra níhà méjèèjì, lẹ́ńsì náà dára. Bí wọ́n bá ṣe ṣóńṣó sápá kan, lẹ́ńsì ti ṣí kúrò ní ipò rẹ̀. Bó bá rí bí igun mẹ́ta, irin tó dì í mú ló fún un jù, títú u díẹ̀ sì lè ṣe é. Ìràwọ̀ méjì Alpha Centauri, tó jọ ọ̀kan lójú lásán níhà gúúsù, yẹ kó yà sọ́tọ̀ nínú gbogbo awò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbànújẹ́ ibẹ̀ ni pé ìgbà tó ń yọ níròlẹ́ ni òjò ń bẹ̀rẹ̀.

Eruku ọyẹ́ lára lẹ́ńsì kì í dí ìmọ́lẹ̀ tó bí èèyàn ti rò. Ẹ fẹ́ ẹ kúrò pẹ̀lú rọ́bà afẹ́fẹ́. Ẹ má fi etí aṣọ nù ún láéláé, iyanrìn ni. Ní ti oòrùn, àwọn tó ti gbọ́n ní ọjọ́ 29 Oṣù Kẹta 2006, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn dé Gánà, Tógò, Benin àti Nàìjíríà, rántí ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe fún wa nípa ojú. Ti awò burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí dígí dúdú kékeré kan nínú páálí tí wọ́n ní kí ẹ dé mọ́ lẹ́ńsì ojú láti fi wo oòrùn, ẹ sọ ọ́ nù: ooru lè là á nígbà tí ojú yín ṣì wà lórí rẹ̀.

Ìdájọ́ mi fún ẹni tó fẹ́ ra ọ̀kan ṣoṣo ní agbègbè wa ni Àádọ́rin, ìyẹn 70/700, lórí ẹsẹ̀ lásán tó wúwo, pẹ̀lú díńgí ìgbúnwọ́ dígírì 90 àti lẹ́ńsì ojú méjì, 25 àti 10. Ìlọ́po 28 àti 70 nìyẹn. Òrùka Saturn, òṣùpá mẹ́rin Jupiter àti ihò ojú òṣùpá tiwa yóò hàn kedere. Bí owó bá ṣẹ́ kù, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi kún, ẹ má fi ra ìlọ́po. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti rúlà dání.