Ìtọ́jú Ni Ó Ṣáájú Ọ̀ṣọ́

Mo ní ọkọ̀ Land Rover àtijọ́ kan. Ìyá mi arúgbó ń gbé ní abúlé. Bí àìsàn bá dé ní àkókò òjò, ọkọ̀ yìí nìkan ni ó lè la ẹrẹ̀ kọjá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọdún 1948 ni irú ọkọ̀ yìí kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìpẹtà kì í jẹ páànù alumíníọ̀mù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n a máa jẹ irin tí ó gbé e ró. Nítorí náà, ara lè máa dán nígbà tí egungun ń jẹrà.

Nígbà tí owó díẹ̀ wọlé, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra táyà ńláńlá. Ṣùgbọ́n táyà ńlá a máa dá kún iṣẹ́ bíréèkì, bíréèkì mi sì ti gbó. Mo kọ́kọ́ pe mẹkáníìkì. Ó tú ìdí ọkọ̀ wò: ọ́ìlì ibẹ̀ ti funfun bí ògì, nítorí omi odò ti wọ inú rẹ̀. Ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ba eyín irin jẹ́. Owó táyà ni mo fi ṣe àtúnṣe méjèèjì.

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀ṣọ́ kò burú, ṣùgbọ́n ó ní àkókò tirẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá.