Pàṣán Tó Wà Lájà

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ọba lónìí yóò bá a nínú òfin pé kò gbọdọ̀ sí ojúṣàájú láàárín òṣìṣẹ́ kan àti èkejì, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, ọmọ onílẹ̀ tàbí àlejò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé ni ayé ti wà, nígbà tó sì dé tán, ayé kò yéé ṣe bó ṣe ń ṣe. Ẹ̀yin ọmọ mi tó wà ní Sẹkitéríàtì, ẹ fara balẹ̀ kí n rò fún yín díẹ̀ nínú ohun tí ojú mi rí, àti èyí tí àwọn tó bí mi fi tó mi létí.

Akọ̀wé ni bàbá mi ní rélùwéè, ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, nígbà tí òyìnbó ń ṣèjọba. Láyé ìgbà náà, ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ ọba pín sí. Iṣẹ́ òyìnbó wà lọ́tọ̀, iṣẹ́ adúláwọ̀ wà lọ́tọ̀. Wọn kò fi bò rárá, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn. Nígbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n ní iṣẹ́ àgbà àti iṣẹ́ kékeré. Àwọn tó wà lókè kò sọ̀ kalẹ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò sì gòkè. Òyìnbó ní ilé n'Íkòyí, ó ní ilé ìwòsàn tirẹ̀, ó ní àjẹmọ́nú tirẹ̀. Akọ̀wé adúláwọ̀ a kọ́ ọmọkùnrin òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun níṣẹ́, lọ́dún tó tẹ̀ lé e onítọ̀hún a di ọ̀gá lé e lórí.

Ogun Hitler wá sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Ìjọba ṣe àfikún owó fún àwọn òyìnbó. Àwọn adúláwọ̀ ní kí wọ́n ṣe ti àwọn náà, ìjọba ń fi òní dónìí, ó ń fi ọ̀la dọ́la. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti pósófíìsì àti ti ọ̀pọ̀ ẹ̀ka mìíràn da iṣẹ́ sílẹ̀. Michael Imoudu, aṣíwájú àwọn ará rélùwéè, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Auchi dé ni, níbi tí ìjọba lé e lọ. Ìyanṣẹ́lódì náà ju oṣù kan lọ. Ọmọdé ni mí, n kò mọ ìdí ọ̀rọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bàbá wa ń wà nílé lọ́sàn-án, àtẹ ìyá mi la sì ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ ọdún 1947 ni bàbá mi kì í lè sọ kí wọ́n má mí kanlẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ní ọ́fíìsì tó ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ amúnisìn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ Sàró ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ ọba ló gbé e wá sí Èkó, wọ́n sì ti gba yàrá dè é ní Bristol Hotel. Nígbà tí àwọn onílé ìtura rí àwọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kò sí àyè. Ìwé ìròyìn gbé e, ìgboro gbóná, kò sì pẹ́ tí ìjọba Gómìnà Richards fi kéde pé ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ ti dópin ní gbogbo ibi tó wà lábẹ́ ìjọba. Bàbá mi a ní, "Ohun tí ojú wa ń rí lójoojúmọ́ kò dùn wọ́n. Ìgbà tó kan ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá ni wọ́n tó mọ̀ pé ó ń dunni."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ tí Hugh Foot ṣe olórí rẹ̀ dábàá pé kí wọ́n má ṣe gba àlejò síṣẹ́ àgbà mọ́, àyàfi bí kò bá sí ọmọ Nàìjíríà tó kún ojú òṣùwọ̀n. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Ọdún 1958 ni èmi wọ iṣẹ́ ní Agodi, n'Ìbàdàn, mo jẹ́ tàpíìsì. Awólọ́wọ̀ ni olórí ìjọba. Iṣẹ́ ọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà yẹn, iṣẹ́ ni. Olóyè Simeon Adébọ̀ ti wà níbẹ̀, wọ́n sì darí gbogbo òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó lọ ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́dún 1962. Lẹ́tà tó bá ní àṣìṣe kan ṣoṣo, ìwọ yóò tún un tẹ̀ láti òkè délẹ̀. Inú wa dùn. A rí ọmọ dúdú lórí àga tí ọmọ funfun ń jókòó lé, a sì rò pé ìyà ti tán.

Àwọn ìyá tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ ló là mí lójú. Wọ́n sọ fún mi bí ó ṣe rí fún wọn nígbà òyìnbó, pé obìnrin tó bá lọ sílé ọkọ, iṣẹ́ rẹ̀ ti di àbáfẹ́: bí wọn kò bá ní kó lọ, wọ́n á sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀. Ìlú Ọba ni wọ́n ti gbé àṣà náà wá. Níbẹ̀ gan-an, ọdún 1946 ni wọ́n tó pa á rẹ́ nínú iṣẹ́ ìjọba tilé, àwọn obìnrin tó ń ṣojú orílẹ̀-èdè náà nílẹ̀ òkèèrè kò sì bọ́ nínú rẹ̀ títí di 1973. Àwa tí a wọlé lẹ́yìn wọn kò rí èyí tó le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a rí tiwa. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò owó orí, ọkùnrin ni wọ́n ń yọ ti ọmọ fún. Obìnrin tó bá béèrè, wọ́n á ní kó lọ mú ẹ̀rí wá pé bàbá àwọn ọmọ kọ́ ló ń tọ́ wọn. Bí ìpàdé bá sì wà, tó di ti tíì, ojú gbogbo wọn a yí sọ́dọ̀ ẹni tó ró ìró.

Èmi náà yege nínú ìdánwò, mo kúrò nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo bọ́ sí iṣẹ́ akọ̀wé. Ó wá ku ẹnì kan tí yóò ṣe adélé sí ipò kan ní ẹ̀ka tí mo wà, ẹ̀ka tí n kò ní dárúkọ. Èmi ni mo ṣáájú gbogbo wọn. Ọ̀gá pè mí, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀: "Ìyá Títí, ẹ lọ́kọ. Ẹ jẹ́ ká fi fún ẹni tó ń gbọ́ bùkátà." Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú fáìlì bẹ́ẹ̀." Ó wò mí títí. Kò kọ ọ́. Ohun tí mo bá níbẹ̀ nígbà tí mo rí fáìlì náà ni pé mo ṣì nílò ìrírí díẹ̀ sí i.

Ọkùnrin yìí kan náà, bí ẹ bá jókòó tì í nírọ̀lẹ́, ìtàn bí òyìnbó ṣe fi ipò rẹ̀ fún ọmọ kékeré kan láti Ìlú Ọba ni yóò máa sọ. Àwọn àgbà ní pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìyálé tí wọ́n nà náà ló dìde, tó na ọwọ́ sájà.

Ní 1968, ìròyìn kan dé sí Agodi. Wọ́n ti fi Ìyá Fọláyégbé Akíntúndé-Ighodalo, ọmọ Òkè-Igbó, ṣe akọ̀wé àgbà. Obìnrin àkọ́kọ́ ni wọ́n ní gbogbo Nàìjíríà tó dé ipò náà. Tíṣà ni wọ́n tẹ́lẹ̀. N'Ékòó, lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, Francesca Yétúndé Emanuel ti wọ iṣẹ́ alákòóso láti 1959, òun náà sì di akọ̀wé àgbà ní 1975, obìnrin àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ẹ kò lè mọ ohun tí èyí ṣe fún wa. Kì í ṣe pé owó wa lé sí i. Láti ọjọ́ náà, ọ̀gá tó bá fẹ́ sọ pé obìnrin kò lè ṣe é, ó di dandan kó wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

Wọ́n sì wá a rí. Àlejò àti ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n tún gbé kalẹ̀. Tẹ́lẹ̀, nígbà tí Agbègbè Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn ya kúrò lára wa ní 1963, àwọn ará Ẹdó àti Ùròbò tí a jọ wà di ẹrù wọn. Ní 1966, àwọn Ìgbò tó wà ní rélùwéè àti pósófíìsì kúrò nílùú pẹ̀lú ìbẹ̀rù. A kàn ń rí àga tó ṣófo ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá ṣì ń pe ara rẹ̀ ní Yorùbá. Ó di ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, Ọ̀gágun Murtala Muhammed kéde pé Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ti di mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Kí oníkálukú máa lọ sílé. Wọ́n pín ọkọ̀, wọ́n pín tábìlì, wọ́n pín fáìlì, wọ́n sì pín ènìyàn. Ẹ̀rù ṣì ń ba gbogbo wa, nítorí lọ́dún tó ṣáájú ni ìjọba náà ti lé òṣìṣẹ́ tó ju 10,000 lọ káàkiri orílẹ̀-èdè, tí ọ̀pọ̀ gbọ́ orúkọ ara wọn lórí rédíò, láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ béèrè ẹjọ́ lẹ́nu wọn.

Ó rọrùn fún ọkùnrin láti mọ ibi tí yóò lọ: ará Àkúrẹ́ a lọ sí Àkúrẹ́, ará Ẹ̀gbá a gba Abẹ́òkúta lọ. Ìjẹ̀bú ni èmi, ọmọ Ìbàdàn ni ọkọ mi, Ìbàdàn ni mo bí gbogbo ọmọ mi sí. Ní Ìbàdàn wọ́n ní ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, kí n máa lọ bá àwọn ènìyàn mi. Àwọn ènìyàn mi tó ń kó lọ sí Abẹ́òkúta ní ìyàwó ará Ìbàdàn ni mí, kí n dúró ti ọkọ mi. Mo dúró. Láti ìgbà náà, nígbà tí ipò bá ṣí sílẹ̀, ẹnìkan a rọra sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti àwọn ọmọ wa ná." Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Nígbà tí Ọ̀ṣun tún kúrò lára Ọ̀yọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, àwọn tó ń sọ "àwọn ọmọ wa" níjọ́sí wá di àlejò fúnra wọn, wọ́n ń kó àpótí lọ sí Òṣogbo. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, mo bá wọn di ẹrù.

Lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, òfin ọdún 1979 ló sọ pé iṣẹ́ ọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé gbogbo ìpínlẹ̀ ló ni Nàìjíríà, wọ́n sì dá àjọ tí yóò máa ṣọ́ ọ sílẹ̀ ní 1996. Ẹlòmíràn ń bú òfin náà pé ó ń fi ọmọ ta ni jọba lórí kí lo mọ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Òótọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀: ìlú tí kò rí ọmọ rẹ̀ kankan nínú ilé ìjọba kò ní gbà pé ìjọba òun ni. Ohun kan tí mo yin àjọ náà fún ni pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé abilékọ kò pàdánù ìpínlẹ̀ tí wọ́n bí i sí nítorí pé ó lọ́kọ. Èmi ti fẹ̀yìn tì kí èyí tó dé. Ó mú inú mi dùn fún àwọn ọmọ mi obìnrin.

Ti ẹ̀sìn kò yọ wá lẹ́nu n'Ìbàdàn. Bí Jímọ̀ bá ti dé, Kìrìsìtẹ́nì ni yóò dúró ti fáìlì kí àwọn yòókù lè lọ kírun, ẹran Iléyá sì ń wọ ilé gbogbo wa. Ìwé ìjọba kankan kò pa á láṣẹ fún wa.

Àwọn tí mo rò pé a ṣẹ̀ jù ni àwọn akanda ẹ̀dá. Ọkùnrin afọ́jú kan wà nídìí tẹlifóònù wa. Kí o tó dárúkọ tán, ó ti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó sì mọ nọ́ńbà gbogbo ọ́fíìsì lórí. Àwọn tó bá ipò kan náà wọlé gòkè títí, ìdí tẹlifóònù ni òun wà títí ó fi lọ. Kò sí ẹni tó kórìíra rẹ̀. Kò kàn sí ẹni tó rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ orúkọ àwọn tó ń lọ kọ́ṣẹ́ sí i. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin fún wọn ní 2011. Ní oṣù kìíní 2019, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu ti gbogbo Nàìjíríà, tó sọ pé ó kéré tán, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ jẹ́ akanda ẹ̀dá, ó sì fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún láti tún ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà ti kọjá. Ẹ lọ wo àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yín.

Ohun tó dára pọ̀. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ìsinmi ọlọ́mọ kò gùn, ẹ̀rù ìdajì owó oṣù sì ń bá a rìn. Láti 2014, Èkó ń fún ìyá ní oṣù mẹ́fà, ó sì ń fún bàbá ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ní oṣù kẹjọ 2024, Didi Walson-Jack gba ipò olórí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́ Fọláṣadé Yemí-Ẹ̀san. Obìnrin gbà á lọ́wọ́ obìnrin, ilẹ̀ kò sì mì.

Àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dórí àga ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ọkùnrin, ìbáà jẹ́ obìnrin. Láyé bàbá mi, wọ́n kọ ìrẹ́jẹ sínú ìwé, a sì mọ ohun tí a ń bá jà. Láyé tèmi, ó kúrò nínú ìwé, ó bọ́ sẹ́nu. Nítorí náà, kí ẹ tó buwọ́ lu orúkọ àwọn tí ẹ fẹ́ gbé ga, ẹ wo ẹni tí orúkọ rẹ̀ yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí. Ẹ wá ìdí rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú fáìlì gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lọ́kàn yín gan-an. Bí ìdí náà bá jẹ́ èyí tí ọwọ́ yín kò lè kọ, orúkọ onítọ̀hún ni kí ẹ kọ.