Pátákó Kan Kò Bá Omi Gbogbo Mu

Àwa tí a bí sétí ọ̀sà Àjàṣẹ́ kì í bẹ̀rù àtidúró lójú omi: lórí ìdúró ni àwọn bàbá wa ti ń fi ọ̀pá tukọ̀. Ìdí nìyí tí pátákó tí a ń dúró lé, tí a sì ń fi àjẹ̀ wà, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní paddle, kò fi ṣàjèjì sí mi ní Grand-Popo. Ṣùgbọ́n omi méjì ni ìlú náà ní: odò Mono tó parọ́rọ́ lẹ́yìn, òkun tó ń bú ramúramù níwájú.

Pátákó tó yẹ odò sábà máa ń gùn ju mítà 3.50 lọ. Orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ó ń la omi, ó sì ń lọ tààrà. Gbé e dé inú ìgbì, gígùn rẹ̀ á di ẹrù: kò ní tètè yí, orí rẹ̀ á sì máa rì bí ìgbì bá ti tì í.

Pátákó ìgbì kì í sábà tó mítà 3. Orí rẹ̀ tẹ̀ sókè, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè yí i kíá. Lójú omi tó dákẹ́, ńṣe ni yóò máa fì sọ́tùn-ún sósì, kò sì ní yá. Fún ìgbì kékeré, èyí tó wà láàárín, tó fẹ̀, tí orí rẹ̀ sì rí roboto, ló dára jù.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ kí n mú wọn lọ sí òkun. Mo kọ̀. Ọmọ ọ̀sà mọ ìdúró, kò tíì mọ ìgbì. Ní etíkun wa, ìgbì ńlá ń fọ́ nítòsí iyanrìn, omi tó ń padà sì ń fa ènìyàn lọ. Lọ́jọ́ tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí pátákó gbogbo wà lórí iyanrìn.